Olè Tó Jí Ìdajì Ẹsẹ̀

"Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n kó lọ!"

Sájẹ́ǹtì ló pariwo bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé iṣẹ́ náà kan bí ìgbà tí páànù bá já lulẹ̀. Bíńtín kò tíì wọlé tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ilé, ìkejì wà níta, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń fi ìka fa ẹ̀yìn bàtà tuntun tó ti ń fún un láti àárọ̀.

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ gbogbo ayé, ọ̀gá mi! Ẹ wo ara ògiri!"

Bíńtín gbójú sókè, ó sì gbàgbé pé bàtà ń fún òun.

Láti ibi tí ọwọ́ lè tó títí dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ló wà lára ògiri náà. Ẹsẹ̀ igi ni wọ́n, igi fífúyẹ́ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tí wọ́n fi epo pa títí ó fi ń dán bí awọ ara èèyàn. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin tí àtàǹpàkò rẹ̀ nà jáde bí ẹni tó fẹ́ jó. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń rìn lórí wọn. Ó dà bíi pé àwọn èèyàn ń gun ògiri lọ sí ibi tó dára, tí wọ́n sì gbàgbé ara yòókù sílé. Àmọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá wà lórí ìṣó tirẹ̀ ni. Kò sí èyí tó ní ìkejì.

"Ta ní máa ń jí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?" Ohùn Bíńtín ti ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹjọ́ yìí mà dùn o!"

"Ó dùn kẹ̀? Ọ̀sán yìí ni adájọ́ máa jókòó, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ ká yára."

Àwọn ọlọ́pàá ló sọ ọ́ ní Bíńtín, nítorí pé orí rẹ̀ kò kọjá èjìká ẹnikẹ́ni ní àgọ́ wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tí dúkìá bá pòórá láàárín tọkọtaya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀, òun náà ni kóòtù ṣì máa ń ránṣẹ́ pè. Wọn a fún un ní Sájẹ́ǹtì, ọkùnrin gíga tó máa ń mọ ọ̀daràn kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ọkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníbàtà, àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Awọnsẹ̀, ti jọ ń ṣe bàtà láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Tí oníbàárà tuntun bá dé, ìyàwó á kúnlẹ̀, á wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ọkọ á wá gbẹ́ igi sí irú ẹsẹ̀ náà gan-an. Láti ọjọ́ yẹn lọ, oníbàárà lè jókòó sílé rẹ̀ kó ránṣẹ́ pé bàtà dúdú lòun fẹ́. Wọ́n á na awọ sórí ẹsẹ̀ igi rẹ̀, bàtà á sì bá a mu rẹ́gí. Ẹni tí ẹsẹ̀ igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni oníbàárà máa bá lọ.

Ní báyìí tí ìgbéyàwó ti tú, wọ́n ti pín gbogbo nǹkan yòókù. Ilé kò sí nínú ìjà, ìyá ọkọ ló ni ín, òkè ló sì ń gbé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán bàtà jẹ́ méjì, kálukú mú ọ̀kan. Awọ, gọ́ọ̀mù, òòlù, gbogbo rẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ igi ló di wàhálà. Ọkọ ní òun lòun gbẹ́ ẹ. Ìyàwó ní tí kì í bá ṣe ìwọ̀n òun, igi ìdáná lásán ni. Adájọ́ wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ẹyọ kan kúrò lára ògiri títí òun fi máa pín in lọ́sàn-án òní.

Àárọ̀ òní gan-an ni ìdajì rẹ̀ sì fò lọ.

* * *

"Kí lẹ tún ń wá?" Oníbàtà ń rìn sókè sódò láàárín ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, gọ́ọ̀mù gbígbẹ wà ní ìka rẹ̀ bí awọ kejì. "Ìyàwó mi ló kó o. Ẹ lọ mú un."

"Ẹ rí i?"

"Kò dìgbà tí mo bá rí i. Ó ṣì ní kọ́kọ́rọ́. Atún-aago-ṣe tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i tó wọlé láàárọ̀, ó rí i tó gbé báàgì jáde. Lọ́yà mi ti sọ ọ́: ẹni tó bá rú òfin adájọ́, adájọ́ máa gba ìpín rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Pátápátá!"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wà láàárọ̀?"

"Mo lọ ra awọ."

"Awọ náà dà?"

Oníbàtà dúró. "Wọn ò ní irú èyí tí mo fẹ́."

"Ó ṣe o," ni Bíńtín wí, ó sì yí ojú sí apẹ̀rẹ̀ ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju fọ́nrán òwú aláwọ̀ pupa kan lọ. "Kí lẹ máa ń kó sínú èyí?"

"Ìbọ̀sẹ̀. Màámi ló ń hun ún lókè. A máa ń tà á mọ́ bàtà."

"Ẹ ti tà á tán lónìí?"

"Èmi ò tíì ta ohunkóhun lónìí!" Oníbàtà wo inú apẹ̀rẹ̀ náà, ẹnu yà á. "Lánàá, ó kún dé ẹnu."

Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́. "Olè yìí mọ nǹkan. Ó kó ẹsẹ̀, ó rántí kó ìbọ̀sẹ̀ tó máa wọ̀ fún un!"

Ó rò pé òun ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Bíńtín kò rẹ́rìn-ín. Ó fi fọ́nrán òwú pupa náà sínú àpò rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ọmọ sùn.

* * *

Atún-aago-ṣe jókòó sí ìdí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà, ó fi dígí kan há ojú rẹ̀ ọ̀tún. Kò yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n kí i, ojú náà sì tóbi bí ojú ẹja.

"Mo rí Awọnsẹ̀ tó wọlé, mo rí i tó jáde," ó ní. "Ó kí mi, mo kí i. Ojú rẹ̀ pọ́n."

"Ta ló tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ ò dìde rárá?"

"Ìyá mi, aago kékeré kan ni mo tú sílẹ̀. Tí mo bá dìde, atẹ́gùn á gbé ẹ̀yà rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó wọlé títí Oníbàtà fi dé, tó sì figbe ta."

"Ẹ gbọ́ ìró kankan láti inú ilé?"

"Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu." Ó yọ dígí ojú rẹ̀ wàyí. "Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ nǹkan kékeré. Tí ẹsẹ̀ igi méjì bá kanra lára ògiri yẹn, mo máa ń gbọ́ 'kò'. Tí èèyàn bá da ẹsẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn sínú báàgì, ṣé kò yẹ kó dún bí ìgbà tí òrùlé ń wó? Kẹ́kẹ́ ló pa."

Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Bíńtín. "Ọ̀gá mi, obìnrin náà nìkan ló wọlé. Ẹnu ọ̀nà kan ló wà. Ẹjọ́ ti tán."

"Ṣé ẹjọ́ ti tán ni, àbí sùúrù tìẹ ló ti tán?"

* * *

Awọnsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rìn dé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Obìnrin fẹ́ẹ́rẹ́ ni, orúnkún rẹ̀ méjèèjì dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ, nítorí pé orí orúnkún ló ti lo ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì náà dání. Kó tó wo ojú ẹnikẹ́ni, ó wo ògiri, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Taa ló ṣe èyí?"

"Ẹ gbọ́ ọ!" Oníbàtà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ó ń bi wá! Eléré!"

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́yà ni kẹ́ ẹ rán sí mi, ṣebí òun lẹ fẹ́ báyìí."

"Ó sàn kí n fẹ́ lọ́yà. Lọ́yà kì í han-anrun."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń han-anrun! Ẹ bi atún-aago-ṣe!"

"Ẹ má mú mi mọ́ ọn o," ni atún-aago-ṣe wí láti ìta.

Bíńtín gba báàgì náà, ó tú u. Aṣọ iṣẹ́ kan tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí ló wà nínú rẹ̀, àti okùn ìwọ̀n kan tó ti gbó. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Kí lẹ wá ṣe níbí láàárọ̀?"

"Mo wá mú okùn ìwọ̀n mi. Mo sì wá dágbére."

"Fún ta ni? Kò sẹ́ni nílé."

"Fún wọn." Ó nawọ́ sí ògiri. "Mo mọ̀ wọ́n ju bí mo ṣe mọ ojú àwọn tó ni wọ́n lọ. Èyí jẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó kan tí mo wọ̀n kí ó tó ṣègbéyàwó. Èyí jẹ́ ti awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Mo ṣáà wò wọ́n, mo kọrin díẹ̀, mo jáde."

"Nígbà tẹ́ ẹ jáde, ṣé wọ́n pé?"

Sájẹ́ǹtì ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn Bíńtín pé kó ronú kó tó dáhùn. Obìnrin náà kò rí i, tàbí kò fẹ́ rí i.

"Wọ́n pé. Gbogbo wọn ló wà ní méjì-méjì."

"Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ de ara rẹ̀!" Oníbàtà fò sókè. "Ó pé nígbà tó wọlé, kò sẹ́ni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀! Kí lẹ tún fẹ́?"

Awọnsẹ̀ kò wò ó. Bíńtín ló ń wò. "Ìyá, tí wọ́n bá gba ibí yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mìíràn láyé mi."

Bíńtín di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró níwájú ògiri.

* * *

Ìlà òkè, òsì ló lọ, ọ̀tún ló kù. Ìlà kejì, bákan náà. Ìlà tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bíńtín ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé wà. Sájẹ́ǹtì kò tíì dé ibẹ̀; ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bíńtín dúró sí. Ó yọ bàtà rẹ̀ òsì, ó mú ẹsẹ̀ igi kékeré kan, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àtàǹpàkò bá àtàǹpàkò mu.

"Sájẹ́ǹtì!"

"Ọ̀gá mi?"

"Ta ló sọ pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n kó lọ?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin náà rí i."

"Òsì ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Òsì lèyí. Èyí náà, òsì. Ní ìlà yìí, ọ̀tún ni wọ́n kó lọ! Ẹ wá, Awọnsẹ̀, kí ló mú kí ìlà yìí yàtọ̀?"

Awọnsẹ̀ súnmọ́ tòsí. "Ti àwọn ọmọdé ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń kọ sí ìta, torí pé mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Àwọn tòkè, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kọ sí ògiri."

"Tí ẹ bá yí ẹsẹ̀ méjì tó wà lórí ìṣó padà, èyí tó wà lápá òsì máa bọ́ sí apá ọ̀tún. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yéè!" Bíńtín pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ìṣeré fún. "Olè yìí kò wo òsì tàbí ọ̀tún rárá. Ó dúró síwájú ògiri, èyí tó bá wà ní apá ibí ló ń mú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbàtà, ẹ dijú."

"Kí ni mo fẹ́ dijú sí?"

"Ẹ ṣáà dijú." Ó fi ẹsẹ̀ igi kan sí i lọ́wọ́. "Kí ni èyí?"

"Òsì," ni Oníbàtà wí kó tó gbá a mú tán.

Ó fi òmíràn sí Awọnsẹ̀ lọ́wọ́, òun náà ti dijú. "Ọ̀tún. Ti alágbẹ̀dẹ ni."

"Ẹ lajú. Ẹ rí i, Sájẹ́ǹtì? Àwọn méjèèjì yìí kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, kódà nínú oorun. Tí oníbàtà bá fẹ́ kó òsì, òsì ló máa kó. Ẹni tó wá síbí kì í ṣe oníbàtà. Kò wá jí ẹsẹ̀. Ìdajì ló wá mú."

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnìkan ti ilẹ̀kùn ṣí.

Ọkùnrin aláṣọ fífẹ̀ kan ni, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bàtà ńlá tó wà ní ìkóríta. Ó ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. "Oníbàtà! Ṣé ẹ ti di ẹrù náà? Mo ti gbé ọkọ̀ dé. Ẹ ní kí n yára kí ilé ẹjọ́ tó..." Ó rí aṣọ Sájẹ́ǹtì. Ẹnu rẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀. "Ẹ káàsán o," ó wí fún ògiri, ó sì pẹ̀yìn dà jáde.

"Awọ tẹ́ ẹ lọ rà nìyẹn?" Bíńtín bi Oníbàtà.

Oníbàtà wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó fẹ́ tà wọ́n!" Awọnsẹ̀ kígbe. "Ó fẹ́ ta gbogbo wọn, kó wá di ẹ̀bi lé mi lórí!"

Sájẹ́ǹtì ti yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. "Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ọkọ ni!"

"Ṣé kì í ṣe ìyàwó mọ́?" Bíńtín gbá a lọ́wọ́. "Fi nǹkan yẹn sápò. Ọkùnrin yìí fẹ́ pa irọ́, ìyẹn dájú. Ó ti múra igbe olè sílẹ̀, kó lè ké e lẹ́yìn tó bá ti tà á tán. Àmọ́ nígbà tó padà wọlé láti wá di ẹrù, irọ́ tó fẹ́ pa ló bá pàdé lára ògiri. Ta ló máa fi ìdajì ọjà rẹ̀ pa mọ́ fún oníbàárà tó ń bọ̀ wá kó gbogbo rẹ̀? Ta ló máa ra bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan?"

"Taa ni nígbà náà? Kò sẹ́ni tó wọlé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bíńtín wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sẹ́ni tó wọlé."

* * *

Abẹ́ tábìlì ló kọ́kọ́ wò. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì, ó mú bí abẹ, síbẹ̀ olè náà kò gé okùn kankan. Ó fi ìka tú kókó kọ̀ọ̀kan, ó so okùn mọ́ okùn, ó sì ká gbogbo rẹ̀ róbótó, yíká-yíká, bí èèyàn ṣe máa ń ká òwú kó tó hun ún.

Bíńtín yọ fọ́nrán pupa tó wà nínú àpò rẹ̀, ó fi í ti ẹ̀gbẹ́ okùn náà. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tó ṣófo. Ó wo àwọn awọ tí wọ́n fi kọ́ ní ìkángun ilé iṣẹ́. Ó lọ, ó gbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà lẹ́yìn wọn.

"Kí nìyí?"

"Àtẹ̀gùn ni," Oníbàtà dáhùn. "Ọ̀dọ̀ Màámi lókè ló já sí. Kò sẹ́ni tó ń gbà á mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà gòkè."

"Màmá ńkọ́?"

"Màámi? Wọn ò lè sọ̀kalẹ̀. Orúnkún wọn ò gbé wọn mọ́."

Bíńtín ṣí i. Eruku awọ bo àtẹ̀gùn náà bí ìyẹ̀fun, ó nípọn lápá ọ̀tún, ó nípọn lápá òsì. Àárín rẹ̀ ń dán. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n fi aṣọ nù ún láti òkè wá.

"Ta ló ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?" Sájẹ́ǹtì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹni tó fi ìdí sọ̀ ọ́," ni Bíńtín wí, ó sì ti ń sáré gòkè pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

* * *

Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé, abẹ́rẹ́ gígùn méjì ń ṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Òwú pupa ń jáde láti inú àpò aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ lòwú náà ti ń wá. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Ẹ kú ìrìn. Bàtà yín kejì ńkọ́?"

"Ó ń fún mi, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wo inú àpótí tẹ́ ẹ jókòó lé?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Ìyá Àgbà wo ojú Bíńtín, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Bó o ṣe kéré tó yìí, ojú ẹ mú o." Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì tó ti tẹ̀ lé Bíńtín dé. "Ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí, gbé mi dìde."

Sájẹ́ǹtì gbé e dìde. Bíńtín ṣí àpótí náà. Inú rẹ̀ kún fún ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wọ ìbọ̀sẹ̀. Pupa, búlúù, èyí tó ní ìlà, èyí tó ní òdòdó. Wọ́n sùn sínú ara wọn bí ọmọ tó rẹ̀.

"Màámi!" Oníbàtà ti dé ẹnu ọ̀nà, Awọnsẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jalè?"

"Pa ẹnu ẹ dé níbẹ̀! Ta ló jalè? Mo pín in ni." Ìyá Àgbà fi abẹ́rẹ́ nà án. "Pákó ilẹ̀ yìí kò bo ọ̀rọ̀. Lánàá ni mo gbọ́ ìwọ àti oníṣọ́ọ̀bù yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń pète láti tà wọ́n lẹ́yìn ìyàwó mi. Mo pè ẹ́, mo bá ẹ sọ ọ́. Kí lo sọ fún mi?"

Oníbàtà ń họ gọ́ọ̀mù ìka rẹ̀. Ìyá Àgbà yíjú sí Bíńtín.

"Ó ní kí n máa bójú tó ìbọ̀sẹ̀ mi. Mo bá bójú tó o! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ orin ìyàwó mi nísàlẹ̀, mo dúró dè é kó lọ, kó má bàa bá mi dá sí i. Mo fara ti ògiri dìde, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo mú kó má bàa dún, mo fi aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì di ẹrù mi, mo ń gùn, mo ń fà á. Mo mú ọ̀kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ìyàwó mi. Ṣé kò dọ́gba ni?"

"Ó dọ́gba, Màmá," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ló máa ra bàtà kan?"

Ìyá Àgbà tún òwú rẹ̀ ṣe. "Ẹn-ẹ́n. Àárín àtẹ̀gùn ni mo tó rántí ìyẹn. Orúnkún mi kò sì gbà kí n padà lọ tún un ṣe."

Bíńtín rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó kù. "Màmá, ìyàwó yín ni wọ́n ní ó kó o. Lọ́sàn-án yìí, wọ́n máa gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ méjèèjì bọ́ lulẹ̀. "Ìyàwó mi kẹ̀?" Ó wo Awọnsẹ̀ tó ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ń sunkún. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ le. Ó mọ̀ pé tóun bá sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú adájọ́, ojú ọmọ òun ló máa tì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìwọ tó ga bí òpó yìí," ó wí fún Sájẹ́ǹtì, "pọ̀n mí."

* * *

Bí wọ́n ṣe wọ kóòtù nìyẹn, ní kété tí lọ́yà Oníbàtà ń sọ pé "obìnrin yìí, Olúwa mi, kò ní ìtìjú." Sájẹ́ǹtì wọlé, ó pọn arúgbó kan sẹ́yìn. Bíńtín tẹ̀ lé e, ó ń tiro, ó wọ́ àpótí lọ́wọ́. Ó tú u sórí tábìlì níwájú adájọ́: ẹsẹ̀ igi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà. Adájọ́, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, mú èyí tó ní òdòdó, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì yára fi ìwé bo ẹnu.

Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀, kò bo ọmọ rẹ̀. Oníbàtà fúnra rẹ̀ dìde, kò dúró de lọ́yà. "Òótọ́ ni Màámi sọ," ó wí. "Ìyàwó mi kò mú nǹkan kan."

Adájọ́ bá a wí kíkankíkan. Ìpín Awọnsẹ̀ dúró síbi tó wà. "Ó wá ku ẹsẹ̀," ni adájọ́ wí. "Ọkọ á ní ohun tí mo fún ìyàwó ló dára jù, ìyàwó á ní ti ọkọ ni. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú rẹ̀, báwo la ṣe máa ṣe é?"

"Ó rọrùn. Nígbà tí eléyìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́mọdé, tí búrẹ́dì bá ku ẹyọ kan, mo máa ń fún ọ̀kan ní ọ̀bẹ kó gé e. Èkejì ló máa kọ́kọ́ mú."

Jìnnìjìnnì bo Oníbàtà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kọ́ ló máa gé e, àbí?"

"Ìwọ ni."

Wọ́n bá padà sí ilé iṣẹ́, akọ̀wé kóòtù tẹ̀ lé wọn. Bíńtín kò tíì rí ọkùnrin tó làágùn bẹ́ẹ̀ rí lórí ìdájọ́. Oníbàtà gbé ẹsẹ̀ alágbẹ̀dẹ sí ọ̀tún, ó rò ó, ó gbé e sí òsì, ó wá fi ti awakọ̀ dọ́gba rẹ̀. Ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ láti mọ èyí tó máa mú. Awọnsẹ̀ sì ń wo òrùlé. Ó tún un ṣe, ó tún un tú. Nígbà tó parí, òkìtì méjèèjì dọ́gba débi pé Awọnsẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró, kò mọ èyí tó fẹ́ nawọ́ sí.

Ẹsẹ̀ méjì kan ṣì wà lọ́wọ́ Oníbàtà. Wọ́n ti dúdú nítorí ọjọ́ pípẹ́, àtàǹpàkò ọ̀tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni, èyí àkọ́kọ́ tí òun àti Awọnsẹ̀ jọ ṣe láyé wọn. Ó wo òkìtì kan, ó wo ìkejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

"Ẹ fi í sí tiyín," ni Awọnsẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ìyá yín ni."

"Rárá," Oníbàtà wí. "Ìwọ lo wọ̀n ọ́n."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ mi wá!" Ìyá Àgbà nawọ́ láti orí àga rẹ̀. "Èmi kì í ṣe ẹrù ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ rán bàtà fún mi, kó wá bẹ̀ mí wò."

Oníbàtà gbé e fún un. Ìyá Àgbà fi ìbọ̀sẹ̀ pupa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sórí itan rẹ̀. Awọnsẹ̀ wá fa òkìtì kan mọ́ra.

Bíńtín tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà òsì, ó fajú ro, ó sì mú ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀n.

"Ìyá," ni Awọnsẹ̀ pè é, "ẹsẹ̀ yín òsì gùn ju ọ̀tún lọ."

"Ó sì fẹ̀ ní iwájú," ni Oníbàtà wí láti ẹ̀gbẹ́ kejì ilé náà, ó ti ń wá igi.

Wọ́n wo ara wọn. Sájẹ́ǹtì wo Bíńtín. Bíńtín wo òkìtì méjèèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín tán.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, ó ti ń tiro jáde, "ẹ má jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ nípa ẹsẹ̀ tèmi o."